Kì í Ṣe Ẹni Eji Rí Ni Eji Ń Pa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjì Òjò Dídì South Dakota

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òwe yìí dùn létí, n kò sì rò pé ẹnì kan wà nínú àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá tí kò ì tí ì pa á rí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn ìjì òjò dídì tó jà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ South Dakota, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, mo rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni òwe náà sọ. Lóòótọ́ ni eji kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn wà kí eji tó dé, àti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ tàbí tó tì pa nígbà tí eji dá, àwọn wọ̀nyẹn ni ó ń pín wa sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ yóò gbẹ àti ẹni tí ilé rẹ̀ yóò tú. Ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn sì wà, kò sí lọ́wọ́ òjò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú òjò dídì Amẹ́ríkà. Èsì mi kò gùn. Bí èdè Yorùbá kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ ní ibòmíràn, a jẹ́ pé àwa gan-an tí a ń kọ́ ọ ni a ń sé e mọ́lé. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún àwọn akẹgbẹ́ mi kan, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé olówó ni àwọn ará ibẹ̀, ìjọba wọn yóò san án fún wọn kíákíá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi mú kálàmù, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Òjò dídì ni a ń pe èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Yìnyín ni èyí tó le bí òkúta tó ń ba páànù jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní blizzard kì í ṣe òjò dídì lásán, atẹ́gùn ni olórí rẹ̀. Àwọn asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wọn kò ní lo orúkọ náà àfi bí atẹ́gùn bá ń sáré tó máìlì 35 ní wákàtí kan, tí òjò dídì tí ó ń gbé kiri kò jẹ́ kí ojú ríran kọjá ìdámẹ́rin máìlì, tí gbogbo rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 3, ó kéré tán. Nítorí náà, ìjì òjò dídì ni n óò máa pè é. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́ wa bá ní orúkọ tó sàn ju èyí lọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ mú un wá, a ó fi ayọ̀ gbà á.

Odò Missouri ni ó la South Dakota sí méjì. Ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n ń gbin àgbàdo àti sóyà. Apá ìwọ̀-oòrùn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní West River, koríko ni, koríko lọ salalu títí ó fi kan àwọn òkè tí à ń pè ní Black Hills. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, òjò rẹ̀ kò tó ti àgbàdo, nítorí náà màlúù ni ọ̀pọ̀ wọn ń sìn, àwọn mìíràn a sì máa sin àgùntàn. Àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà kò ju nǹkan bí 800,000 lọ nígbà tí a ń sọ yìí, màlúù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti ilé ẹnì kan dé ti aládùúgbò rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀pọ̀ máìlì, ọ̀nà tó sì so wọ́n pọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjì náà bàjẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọdún ṣe ń yí fún ọlọ́sìn màlúù níbẹ̀. Ní ìgbà ooru, màlúù a máa jẹko ní pápá tó jìnnà sílé, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní igi. Bí ìgbà òtútù bá ń súnmọ́ tòsí, wọn a kó wọn wá sí pápá mìíràn tó súnmọ́ ilé, tó ní gegele àti igi tí ẹran lè fara pamọ́ sí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ní àsìkò yìí kan náà ni wọ́n ń já ọmọ màlúù lẹ́nu ọmú, tí wọ́n sì ń tà wọ́n. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni owó ọdún kan gbáko. Òun ni wọn yóò fi san gbèsè báńkì, tí wọn yóò fi ra oúnjẹ ẹran, tí wọn yóò fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Ara màlúù pàápàá mọ àsìkò. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, tí òtútù ń wọlé díẹ̀díẹ̀, irun ara rẹ̀ a máa nípọn sí i, ọ̀rá a sì máa gbára jọ sí i lábẹ́ awọ. Màlúù tó bá ti wọ ẹ̀wù òtútù báyìí lè dúró nínú òjò dídì oṣù kìn-ín-ní, kí ó máa jẹ koríko gbígbẹ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni ìjì yìí dé. Àwa ń pe oṣù náà ní Ọ̀wàrà, nítorí òjò tó máa ń dà nínú rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ó yani lẹ́nu pé òjò lásán ni ó bẹ̀rẹ̀ ìparun náà ní South Dakota pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ooru ṣì wà nílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù náà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi tútù nini, ó sì rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn màlúù wà ní pápá ìgbà ooru, irun wọn ṣì fẹ́lẹ́, omi náà sì rin wọ́n dé awọ. Lẹ́yìn náà ni òtútù já bọ́, òjò di òjò dídì, atẹ́gùn sì dìde. Ní ibòmíràn atẹ́gùn náà sáré tó máìlì 70 ní wákàtí kan. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5, òjò dídì tó wà nílẹ̀ ní Rapid City ti ju 20 íńṣì lọ. Ní ìlú Lead, lórí òkè, ó jẹ́ 55 íńṣì, èyí tó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹ̀yìn màlúù tó bá dúró.

Bí atẹ́gùn bá ń na ẹran láti ẹ̀yìn, kì í dúró. Yóò máa rìn lọ síbi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Bí àwọn màlúù yìí ṣe rìn nìyẹn, nínú òkùnkùn, láìrí ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Òjò dídì ti bo ọgbà wáyà mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni gba orí afárá. Àwọn kan rin ọ̀pọ̀ máìlì kúrò lórí ilẹ̀ olówó wọn. Àwọn kan já sínú gegele, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì já lé wọn lórí. Àwọn kan kó sínú omi, àwọn kan há sí ìdí wáyà tí òjò dídì sì bò wọ́n mọ́bẹ̀, àwọn mìíràn bọ́ sójú ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní egbò kankan lára. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ẹran yẹ òkú wọn wò, omi ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró; òtútù àti àárẹ̀ ti mú kí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹran tó rin ìrìn òru méjì pẹ̀lú omi tútù lára, kò sí ohun tó tún kù tó lè ṣe.

Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé màlúù tó kú lè tó 100,000. Iye tí wọ́n rí kà lẹ́yìn náà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju 10,000 lọ dáadáa. Àwọn kan wà tí wọn kò pàdánù ju méjì mẹ́ta lọ, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé ìdajì agbo wọn ló lọ. Bí ọ̀nà atẹ́gùn ṣe rí àti bí ilẹ̀ ṣe dagun sí ni ó pín in bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn náà jáde, àwọn ará ìlú ńlá kan béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kó ẹran wọn wọlé. Ìbéèrè yìí dà bí ọgbọ́n létí ẹni tí kò sin ẹran rí. Ta ni yóò kọ́ ilé fún màlúù 500 ní pápá tó gba ọ̀pọ̀ máìlì? Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ́ ọ, kíkó wọn jọ láti ibi tí wọ́n fọ́n ká sí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Àwọn mìíràn ní kí ló dé tí wọn kò tètè kó wọn wá sí pápá ìgbà òtútù. Koríko pápá ìgbà òtútù ni oúnjẹ oṣù mélòó kan tó ń bọ̀. Bí ẹran bá ti jẹ ẹ́ tán ní oṣù kẹsàn-án, kí ni yóò jẹ ní oṣù kejì? Àwọn asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kìlọ̀ pé òjò dídì ń bọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dé le ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn múra sílẹ̀ fún lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì kò sì lè hu irun sára màlúù. Ó máa ń bí mi nínú bí ẹni tó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ amúlémóoru ṣe máa ń kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ pé olówó ni wọ́n. Ilẹ̀ wọn pọ̀, màlúù wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni báńkì ń yá lówó ṣiṣẹ́ láti ọdún dé ọdún. Abo màlúù tó lóyún lè tó 1,500 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Bí ó bá kú ní oṣù kẹwàá, òun nìkan kọ́ ló kú. Ọmọ ọdún yìí tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tó kù díẹ̀ kí a tà á, sábà máa ń bá a lọ. Ọmọ ọdún tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá sì fẹ́ fi abo kékeré mìíràn rọ́pò rẹ̀, yóò tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èyí tó bí ọmọ tí a lè tà. Owó ọdún tó kọjá, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ ni ó lọ lóru méjì. Ìdílé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé láti ìgbà bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti ń yan ìran màlúù náà, tí wọ́n mọ ìyá èyí àti ìyá ìyá rẹ̀. Èyí kò ní iye.

Òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé láàárín wákàtí 36 tí olówó ẹran bá mọ̀ pé ẹran rẹ̀ kú, ó gbọ́dọ̀ sun ún, tàbí kí ó sin ín jinlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tàbí kí ó kó o fún ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti palẹ̀ òkú ẹran mọ́. Ẹ wo bí èyí ti rí nígbà tí ilẹ̀ di ẹrẹ̀, tí òpó iná ti wó lọ rẹpẹtẹ, tí òkú màlúù rẹ wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ní máìlì mẹ́wàá síbi tí o wà. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń kọ àmì sára màlúù níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti ṣe máa ń sọ ìdílé ẹni lọ́dọ̀ wa látijọ́. Àmì yìí ni wọ́n fi ń mọ òkú ta ni. Àwọn aládùúgbò ń pe ara wọn láti sọ iye tí wọ́n rí. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkú ẹran wá síbẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ ni mo dé yìí. Ohun tó yẹ kí ọlọ́sìn ṣe lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀ ni kí ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè rẹ̀, kí ó sọ iye tó kú, kí ó sì béèrè ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọjọ́ méjì péré kí òjò náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn. Àwọn aṣòfin ní Washington kò fẹnu kò lórí ètò ìnáwó, nítorí ìjà tí wọ́n ń jà lórí òfin ìlera Ààrẹ Obama, ọjọ́ 16 ni ìjọba sì fi wà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́sìn tó bá wa ọkọ̀ la ẹrẹ̀ já dé ọ́fíìsì yóò bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá tẹ̀ wọ́n láago kò ní rí ẹni dá a lóhùn.

Bí ilẹ̀kùn náà bá tilẹ̀ ṣí, kò sí nǹkan kan nínú ilé. Òfin ọdún 2008 tó fún àwọn àgbẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ lórí ẹran tí ojú ọjọ́ pa ti parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣòfin ti ń fa òfin tuntun mọ́ra wọn lọ́wọ́, pàápàá lórí owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tálákà. Ọdún méjì gbáko ni àwọn ọlọ́sìn fi wà láìní ohunkóhun lórí. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe wọn, nítorí wọn kò pọ̀ tó ẹni tí ìbò rẹ̀ ń ba olóṣèlú lẹ́rù. Ohun tí àwọn tó mọ òfin wá ń gbà wọ́n níyànjú ni pé kí wọ́n ya fọ́tò òkú ẹran wọn kí wọ́n tó sin wọ́n, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ní ẹlẹ́rìí, bóyá lọ́jọ́ kan òfin yóò tún wà. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà ya òkú màlúù rẹ̀ nítorí òfin tí a kò tí ì kọ, ṣé ẹni yẹn ni a ó wí fún pé ẹni eji rí ni eji ń pa?

Mo fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ìjọba wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, nítorí a kò lè fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò san owó fún wọn títí ìjọba fi ṣí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá gan-an, tí ìjì ń jà ní South Dakota, ọ́fíìsì wọn kan ní Anchorage, ní Alaska lọ́hùn-ún, gbé àlàyé ojú ọjọ́ jáde bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bí ènìyàn bá ka lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ohun tí yóò rí kà ni ẹ̀bẹ̀ pé kí a jọ̀wọ́ san owó àwọn. Àrokò gidi ni, ì bá wu àwọn baba wa.

Àwọn kan yóò ní ìjọba kò lè ṣe nǹkan kan sí òjò dídì. Mo ní kí wọ́n lọ wo ọdún 1949. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìjì òjò dídì bẹ̀rẹ̀ ní Nebraska, Wyoming àti South Dakota, òmíràn sì ń tẹ̀ lé òmíràn lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Ọ̀nà dí, rélùwéè dúró, àwọn ìdílé há sínú oko, ẹran sì ń kú fún ebi. Ìjọba Truman rán àwọn ológun jáde. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní títí di àárín oṣù kẹta ni wọ́n fi katakata la ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀, tí bàálù ológun sì ń ju koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún màlúù láti òkè. Ẹran ṣì kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀mí ènìyàn náà sì lọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run rí bàálù. Ọdún 64 lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà àti sátẹ́láìtì, kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ rí.

Nígbà tí ìjọba kò sí nílé, ọ̀wẹ̀ ni ó dé. Mo lo ọ̀rọ̀ yìí tọkàntọkàn, nítorí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu. Ọlọ́sìn kan ní ìpínlẹ̀ Montana lo Facebook láti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí olúkúlùkù mú abo màlúù kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tó pàdánù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún màlúù ni àwọn ènìyàn mú wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, púpọ̀ nínú wọn ti lóyún, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn dé South Dakota fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ìpínlẹ̀ náà dá àpò owó kan sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìjì dá, owó tó sì wọ inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ. Kí Ọlọ́run bù kún wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń fi èyí ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n ní ẹ rí i báyìí, ìjọba kò wúlò, ará ìgbèríko lè ran ara wọn lọ́wọ́. N kò gbà. Bí a bá mú 20,000 màlúù péré, tí a sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 1,500 dọ́là, mílíọ̀nù 30 dọ́là nìyẹn, láìka ọmọ inú wọn. Owó àánú náà kò ju nǹkan bí ìdámẹ́fà rẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò bá wa kọ́ ilé tó jó, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n owó orí tí a ń san kì í ṣe fún un. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, àáró àti ọ̀wẹ̀ kò fi ìgbà kan sọ pé kí ọba má ṣe ojúṣe rẹ̀. Ìyìn tí a ń fi fún ará oko pé ó ní ìfaradà, mo bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ọ̀nà láti fi í sílẹ̀ kí ó máa fara dà á lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó sọ̀rọ̀ ìjì náà kò sábà mẹ́nu bà. Nínú agbègbè yìí kan náà ni ilẹ̀ Pine Ridge àti Cheyenne River wà, tí ìjọba fi àwọn Lakota sí. Àwọn ọlọ́sìn ibẹ̀ náà pàdánù ẹran. Àdéhùn ọdún 1868 fi Black Hills sílẹ̀ fún àwọn baba wọn. Nígbà tí wúrà jáde níbẹ̀ ni a gbà á padà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́wọ́ ní ọdún 1980 pé a jẹ wọ́n ní gbèsè owó lórí rẹ̀. Wọn kò gba owó náà títí di òní, ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Bí mo bá ní ibi tí ènìyàn wà kí eji tó dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò, irú rẹ̀ nìyí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2014, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Òfin náà dá ìrànlọ́wọ́ ẹran padà, ó sì nawọ́ sẹ́yìn dé ìparí ọdún 2011, tí ó fi kan àwọn tó pàdánù nínú ìjì náà. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹran ni ìjọba yóò san. Ní àárín oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ. Akẹgbẹ́ mi tó ní ìjọba yóò san án kò parọ́, àfi pé ó ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìjì kí ẹnì kan tó lè fi orúkọ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn báńkì ń ka èlé tirẹ̀, ẹran tó yè ń jẹun, àwọn abo tó yè sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ tàbí ẹran yòókù kí oṣù náà tó pé, ìdá 75 kò dá a padà fún un.

Ohun tí mo fara mọ́ nínú òfin náà ni pé wọn kò fi ọjọ́ ìparí sí ìrànlọ́wọ́ ẹran mọ́. Kò tún níláti dúró de ìgbà tí àwọn aṣòfin bá parí ìjà wọn. Bí ó ti yẹ kí ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí òjò dídì kì í wo kàlẹ́ńdà ilé ìgbìmọ̀ kí ó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí kò parí ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó sí ọ́fíìsì láti gba ìwé lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láti òpin oṣù kejìlá ọdún 2018 wọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní àárín òtútù, ìjọba àpapọ̀ tún ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 35, ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀.